Lẹ́tà Tí Kò Dárúkọ Ogun

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 1968. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní àgbàlá wa ní Ọ̀kẹ̀sà, Iléṣà, lẹ́yìn tí mo bá pọnmi tán, ni kí n máa ka lẹ́tà. Ìyá Ìbejì ni mo ń kà á fún. Yàrá rẹ̀ ló tẹ̀ lé ti ìyá mi, ọkọ rẹ̀ sì wà lójú ogun Bìáfíra. Gbogbo ilé ló ń pe ọkọ náà ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò kàwé dókítà. Dírẹ́sà ni, ẹni tó ń fọ egbò, tó ń di bándéèjì, tó ń gún abẹ́rẹ́, kó tó wọṣẹ́ ológun ní ìparí ọdún 1967. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn náà ni wọ́n fi í sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí lóru wá bá ọ tọ́jú ọmọ rẹ, tí ọmọ náà yè, kí lo tún fẹ́ pè é?

Lẹ́tà rẹ̀ kì í wá sílé tààrà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń gbà wá, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ló ní àpótí lẹ́tà. Ọ̀gá á pè mí lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, á ní, "Mú un fún Ìyá Ìbejì, má ṣe já a lọ́nà o." Ìyá Ìbejì kò ní jẹ́ kí n kà á lójú ẹsẹ̀. Á gbà á, á fọwọ́ ra ojú rẹ̀, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á sì tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí títí àwọn ìbejì yóò fi sùn. Lẹ́yìn náà ni á tan àtùpà, tí á ní kí n jókòó lórí ẹní.

"Ìyá Ìbejì, mo kí ọ púpọ̀. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà bí èmi náà ti wà? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Bí gbogbo lẹ́tà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà náà nìyẹn. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni mi ò rí nínú lẹ́tà ẹlòmíì. Dókítà kì í sọ ibi tó wà. Kì í sọ ẹni tó kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, rédíò kéde pé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Benjamin Adekunle ń darí ti gba Port Harcourt, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Adekunle ni Dókítà wà. Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn náà kò dárúkọ Port Harcourt. Ohun tó béèrè ni pé: mélòó ni Táyé wọ̀n lóṣù yìí? Mélòó ni Kẹ́hìndé wọ̀n?

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Iléṣà lè rò pé ìbéèrè òṣìṣẹ́ ìlera lásán nìyẹn. Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé kì í ṣe àìsàn àràmàǹdà ló ń kó àwọn ọmọ wa lọ. Éèyí ni, ibà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, ikọ́ ni, àti oúnjẹ tí kò ṣara lóore. Ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó sì ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fi àmì tó-tó sí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Ìlà méjì ló gba inú káàdì náà kọjá, ó ń gòkè bí ọ̀nà òkè Imẹ̀sí. Bí àmì ọmọ bá ń gòkè láàárín ìlà méjèèjì, ara ọmọ le. Bí kò bá gòkè mọ́, kí wọ́n tètè wá ìdí rẹ̀. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú káàdì náà sílé, kì í ṣe ọsibítù, ọgbọ́n ńlá ni mo sì ka ìyẹn sí títí dòní. Láti ìhà tiwa níbí ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìyá Ìbejì ní méjì, ó fi ọ̀rá wé wọn, ó sì fi wọ́n há igun àjà níbi tí òjò kò lè dé.

Imẹ̀sí-Ilé, nítòsí Iléṣà, wà lára ibi tí Morley ti ṣe iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń tọ àwọn ọmọ lẹ́yìn láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn. Mi ò lè dárúkọ Imẹ̀sí-Ilé kí n má dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí àgbègbè ibẹ̀ náà ni àwọn baba ńlá wa ti ja Kírìjì. Láti 1877 títí dé 1893 ni ogun náà fi wà nílẹ̀, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì, Ògèdèǹgbé sì wà níwájú àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ibùdó ogun fi di ìlú. Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, àwọn ìyàwó lọ bá ọkọ wọn níbẹ̀, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé tí ọkọ rẹ̀ sì wà níbùdó, àrokò ni lẹ́tà wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, torí ẹ̀jọ ni. Bí ẹyọ méjì bá dojú kọ ara wọn, ìfẹ́ àti ìrírí ojú ló ń sọ. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé.

Àwọn ọba àti ìjòyè, ní tiwọn, rí akọ̀wé lò. Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ló ń ru ọ̀rọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì àti gómìnà Èkó kí àwọn aṣáájú tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun náà kò tán nílẹ̀ pátápátá títí di 1893. Ìwé wọ̀nyẹn wà títí dòní, a sì ń kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí jagunjagun kan láti Ìrójò ní Iléṣà rán sí ìyàwó rẹ̀ lọ́dún kẹwàá tó ti fi ilé sílẹ̀, ta ló tọ́jú rẹ̀? Wọ́n tú okùn àrokò náà, wọ́n sì ná ẹyọ náà lọ́jà.

Lẹ́tà Dókítà, ní tèmi, àrokò ni. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nígbà tí mo bá dé ibi tí ó ti ń béèrè ìwọ̀n, Ìyá Ìbejì á gbọ́rùn wá síwájú. Ó ń pàṣẹ nínú lẹ́tà: kí ó gbé wọn lọ gba àjẹsára ìgbóná, pé àwọn oníbọn abẹ́rẹ́ ń bọ̀, kí ó má sá. (Ìgbà yẹn ni ìjọba ń lé ìgbóná kúrò nílẹ̀ wa. Oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà.) Kí ó má fi ògì lásán já wọn lẹ́nu ọmú. Kí ó lọ ẹ̀pà sí i. Kí ó bó ẹ̀wà, kí ó sè é títí yóò fi rọ̀. Kí ó fún wọn lẹ́yin. Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn dá wàhálà sílẹ̀, torí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu mi, ó sì ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọmọ ọmọ òun di olè, kí ó wá ṣe é lójú òun. Ìyá Ìbejì ń se ẹyin náà lóru.

Ìdáhùn ló nira jù fún mi. Ìjẹ̀ṣà ni Ìyá Ìbejì ń sọ. Yorùbá ìwé, èyí tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́, ni èmi ń kọ. Á sọ gbólóhùn kan tó gbóná, tó sì dùn, màá yí i padà di "inú mi yóò dùn púpọ̀ bí ẹ bá lè gbìyànjú láti padà wálé". Ó ń dùn mí báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ rí bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò sì lè sọ rárá, torí ọmọdé ló jókòó níwájú rẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ṣé èmi ni yóò sọ ọ́ fún? Bí mo bá kọ ọ́ tán, á ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ yíǹkì, á tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé náà, á ní, "Kí ó mọ̀ pé èmi náà fọwọ́ kàn án." Lẹ́yìn rẹ̀ la ó wá kọ ìwọ̀n. Táyé, pọ́ùn mẹ́tàlélógún. Kẹ́hìndé, pọ́ùn méjìlélógún.

Ní oṣù kẹta ọdún 1968, éèyí wọ àgbàlá wa. Táyé tètè bọ́. Kẹ́hìndé kò tètè bọ́. Ojú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ bó, kò lè jẹun, nígbà tí ara rẹ̀ sì tutù, ìgbẹ́ gbuuru gbà á. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, pọ́ùn mọ́kàndínlógún ni. Mo rí àmì náà lórí káàdì, ó já wálẹ̀ kúrò lọ́nà bí ẹni tó ṣubú sí kòtò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ní kí n kọ lẹ́tà. Nígbà tí a dé ibi ìwọ̀n, ó dákẹ́. Ó wá ní, "Kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀." Mo wò ó. Ó ní, "Ẹni tí ìbọn ń dún létí rẹ̀, kí ni yóò fi èyí ṣe?" Mo kọ méjìlélógún. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún kọ méjìlélógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́.

Oṣù keje ni èsì dé. Kò pẹ́ kó tó kí i tán. Ó ní: "Ìyá Ìbejì, Kẹ́hìndé ti wà lójú kan fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá kì í dúró lójú kan. Kí ló ń ṣe é? Má fi pa mọ́ fún mi."

Mo gbójú sókè. Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ọkùnrin tó wà ní ọ̀nà jíjìn, tó ń gbé nínú ẹrẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá òun yóò rí ọ̀la, ti rí àìsàn ọmọ rẹ̀ nínú nọ́ńbà tí a fi pa á mọ́ fún un. Ní òru yẹn, a kọ òtítọ́. Ó dá èsì padà pẹ̀lú ojú ìwé méjì: bí yóò ṣe po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi tó ti hó, iye ìgbà tí yóò fi ṣíbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu lóòjọ́, ìgbà tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kò bá a wí lórí irọ́ náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ sí pé, "O kú ìrójú."

Lẹ́yìn oṣù kọkànlá ọdún 1968, lẹ́tà dáwọ́ dúró. Kérésì kọjá. Àjíǹde kọjá. Lẹ́yìn ogun ni a tó mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun Bìáfíra ti yí ẹgbẹ́ ológun kan ká ní Òwẹ̀rì nínú oṣù wọ̀nyẹn, tó fi jẹ́ pé inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn, kí Bìáfíra tó gba ìlú náà padà ní oṣù kẹrin ọdún 1969. Nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀, rédíò kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ kí Ìyá Ìbejì, bí a ti ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ń bọ̀ wá bá.

Baba kan wà ní àgbàlá kejì tí a ń pè ní Bàbá Bọ́mà, torí ó ja ogun Hítílà ní Bọ́mà. Òun nìkan ni kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i. Ó máa ń wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á sì máa sọ bí ó ṣe rí. Ó ní Òṣogbo lòun ti wọ rélùwéè, àwọn ìyá wọn sì tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi gbé wọn yí gbogbo ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká kí wọ́n tó dé Íńdíà ní 1943. Ó ní àfonífojì Kaladan kò ní ọ̀nà mọ́tò, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju ìrẹsì sí wọn nínú igbó. Tí ènìyàn bá kọ lẹ́tà, ọ̀gá wọn ló máa kọ́kọ́ kà á, ohun tí kò bá sì fẹ́ kó dé ilé, á fi yíǹkì pa á rẹ́. "Nítorí náà, ìyàwó mi," báyìí ló ń pè é, "bí lẹ́tà kò bá wá, kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ń kọ ọ́ kò sí. Ó lè jẹ́ ọ̀nà ni kò sí." Mi ò mọ̀ bóyá Ìyá Ìbejì gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé ó ń gbé ìkòkò sílẹ̀ nígbàkígbà tí baba náà bá ń sọ̀rọ̀.

Mo ti di àgbà kí n tó mọ ìtàn Isaac Fadoyebo, ó sì mú mi rántí baba náà. Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí Fadoyebo. Ní 1942, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn, bíi ti Dókítà wa. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ní àfonífojì Kaladan náà, àwọn Japaní yìnbọn lu ẹgbẹ́ rẹ̀ lójijì lẹ́bàá odò. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún bà á níkùn. Àwọn tó kù sá, wọ́n fi òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone tí òun náà gbọgbẹ́, sílẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn ló wá dùbúlẹ̀ láìsí olùtọ́jú. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó, ó sì mú wọn wọ ilé rẹ̀ nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ pé àwọn Japaní yóò pa òun àti ẹbí òun bí wọ́n bá mọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun Gurkha tó rí wọn ní oṣù kejìlá. Ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó dé Emùré-Ilé.

Fadoyebo padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kúrú, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips bá a mú lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ sí Bọ́mà, ó wá ìdílé Shuyiman rí, ó sì jẹ́ ẹ fún wọn. Shuyiman ti kú. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni lẹ́tà yẹn fi pẹ́, síbẹ̀ ó dé ilé tó yẹ kó dé. Ní 2012 ni Fadoyebo jáde láyé. Bí kì í bá ṣe pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá kú sí.

Lẹ́tà Dókítà tún dé ní oṣù kẹfà ọdún 1969. Ojú ìwé kan péré ni. "Mélòó ni Kẹ́hìndé wọ̀n?" ni ìlà kẹta. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n kọ pọ́ùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òtítọ́ sì ni.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, Dókítà sì wálé lọ́dún náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó sọ̀rọ̀ ogun, mo sì ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń béèrè ìwọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tí àwọn wà, àwọn ọmọdé ń jáde láti inú igbó wá bá wọn, irun wọn ti pupa, ẹsẹ̀ wọn wú, ojú wọn sì ti dà bíi ti arúgbó. Kwashiorkor ni. Ó ní òun ń fi ṣíbí bu mílíìkì sí wọn lẹ́nu, àwọn kan ń kú sí òun lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n ní kí àwọn máa bá jà ni. Lálẹ́, bí òun bá fẹ́ kọ lẹ́tà sílé, kò sí ohun mìíràn tó wà lọ́kàn òun láti béèrè. Ó dákẹ́, ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn adìyẹ.

Dókítà kú ní 1989, Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e ní 1994. Inú páànù bisikíìtì ni lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn. Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà nígbà náà, kí n tó dé Iléṣà lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n ti gbá yàrá, wọ́n ti kó ẹní àti àkísà àti páànù náà sínú iná lẹ́yìn ilé. Ẹni tó kó o kò ṣe é pẹ̀lú ibi, ó rò pé ìwé lásán ni. Lẹ́tà tí Ìyá Ìbejì ní kí n kọ, ìyẹn ti ṣègbé sójú ogun tipẹ́. Káàdì méjèèjì ló kù, torí wọ́n wà ní àjà. Kẹ́hìndé, tó ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí, ló ń tọ́jú tirẹ̀. Ibi tí àmì ti já sí mọ́kàndínlógún ṣì hàn, yíǹkì búlúù ni nọ́ọ̀sì fi sí i.

Ẹ̀yin tí baba tàbí bàbá àgbà yín lọ sí Bọ́mà, tàbí tí wọ́n ja ogun Bìáfíra, yálà lápá ìhín tàbí lápá ọ̀hún, ẹ dákun, kí ẹ tó gbá yàrá arúgbó, ẹ kọ́kọ́ ṣí páànù. Bí ẹ bá rí lẹ́tà níbẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìyá tó gbà á bá ṣì wà láyé, ẹ bi í léèrè ta ni ọmọ tó máa ń kà á fún un. Ọmọ náà lè ṣì wà, ó sì lè ṣì rántí.